Bí Alùpùpù Mi Ṣe Dẹ́rù Ba Abúlé Kan Lọ́nà Bídá

A ò tíì pẹ́ tí a kírun àsùbáà tán tí mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ Mallam Dánjúmà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Soje, àdúgbò kan ní Minna. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ìyá mi tẹ̀lé mi dé ìdí géètì, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Sìdí, ṣé dandan ni kí o lọ?”

“Màmá, ẹ má bẹ̀rù. A ó ti padà dé kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gàríbì.”

“Allah ya kiyaye,” ni ó wí. Haúsá ni, ó túmọ̀ sí pé kí Ọlọ́run ṣọ́ni. Ọmọ ọwọ́ ni ìyá mi nígbà tí iṣẹ́ relúwéè gbé bàbá rẹ̀ wá sí Minna láti Ìbàdàn. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá ti le, Haúsá ni ẹnu rẹ̀ máa ń yà sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Yorùbá lè má mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, kì í ṣe ọkọ̀ ńlá ló ń kó jìnnìjìnnì bá ará abúlé. Alùpùpù ni. Orí alùpùpù ni àwọn ajínigbé máa ń wà bí wọ́n bá ń ti inú igbó bọ̀, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lórí ẹyọ kan. Ìdí alùpùpù gan-an ni èmi sì ń lọ.

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní agbègbè Bosso. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, tí a ń pè ní àcàbá níbí, ni a máa ń tú tí a máa ń tò. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí wọ́n fojú rí irú èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní fún eré orí òkè àti inú eruku, tí alùpùpù fi ń fò sókè tí yóò tún balẹ̀ tí yóò sì máa lọ. Èmi náà fẹ́ràn láti máa gùn ún. Ọkùnrin kan ní Bídá, Alhaji Yàháyà, ní ọ̀kan láti tà, nítorí pé ìbàdí rẹ̀ ti kọ eré. Mallam Dánjúmà, tí ó ní píkọ́ọ̀bù, gbà láti gbé mi lọ. Ọmọ ẹ̀yà Gbagyi ni, àgbà ni, ó sì máa ń pè mí ní “’yata”, èyíinì ni ọmọbìnrin mi. Haúsá ni èmi àti ẹ̀ jọ ń sọ.

Ojú ọ̀nà Bídá kò dára rárá. Àwọn ọkọ̀ agbépo ti lu títì náà fọ́, níbi tí ọ̀dà bá kù sí, etí rẹ̀ dà bí etí burẹ́dì tí eku jẹ. Bí a bá ti fẹ́ wọ kòtò, Mallam á rọra yí sínú koríko, á tún yí jáde. Gbogbo ìgbà tó bá rọra báyìí ni ojú mi máa ń wá inú igbó kiri. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Bí ọkọ̀ bá tún ti sáré díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á tó bọ́ lẹ́nu wa.

A jẹ masa ní Kataeregi. Masa ni ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n jẹ́ kó wú, tí wọ́n wá dín nínú agbada oníhò roboto-roboto. Ọgọ́rùn-ún náírà ni ẹyọ kan, wọ́n sì bu yájì, ìyẹ̀fun ata, lé e lórí. Ó dùn, àmọ́ mi ò lè jẹ ju méjì lọ. Obìnrin tó ń dín in ń wo ọ̀nà bí èmi náà ṣe ń wò ó. Alùpùpù kan gba ẹ̀yìn wa kọjá, obìnrin náà sì dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ títí ó fi rí i pé olùkọ́ kan ló gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní Bídá, àwọn ará ilé Alhaji Yàháyà kí wa bí ìṣe Núpé. Wọ́n lóṣòó, wọ́n béèrè ilé, béèrè ọ̀nà, béèrè ara, ó sì gùn tó kíkí tiwa. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí tapólì kúrò lórí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí. Gbogbo ẹ́ńjìnnì alùpùpù oní-ìgbésẹ̀ mẹ́rin, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á fa afẹ́fẹ́ àti epo mu, wọ́n á fún un pọ̀, iná á ṣẹ́ sí i, wọ́n á sì tú èéfín dànù. Bí àcàbá ti ń ṣe é nìyẹn, bí èyí náà sì ti ń ṣe é nìyẹn. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni pé wọ́n ti gbá gbogbo ọ̀rá dànù lára èyí. Alhaji ní písítìnì kan tó ti gbó tó yọ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó fúyẹ́, ó sì kúrú bí ìdérí agolo mílíìkì. Àwọn fáàfù rẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde, kì í ṣe irin lásán. Taiténíọ́ọ̀mù ni, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n lè máa ṣí kí wọ́n máa pa dé kíákíá láìwúwo. Ohun tó ń tì wọ́n jẹ́ ìka irin tín-ín-rín, tí wọ́n fi nǹkan dúdú kan bò kó má baà jẹ.

Wọ́n tún yí orí ẹ́ńjìnnì náà padà. Iwájú ni ó ti ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ̀yìn ni èéfín ń gbà jáde, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé tààrà láìṣẹ́rí. Kò ní kabúrétọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni ó ń wọn epo fún un. Omi ló ń mú un tutù, rédíétọ̀ méjì ló sì ní, ṣùgbọ́n kò sí fáànù nídìí wọn. Afẹ́fẹ́ eré tó bá ń sá nìkan ló ń fẹ́ wọn. Wọ́n tún yọ kíkì tí a máa ń fẹsẹ̀ gbá kúrò, bọ́tìnì àti bátìrì ló kù. Kò ní iná iwájú, kò ní fèrè.

“Kì í ka kìlómítà,” ni Alhaji wí. “Wákàtí ni ó ń ka. Bí wákàtí rẹ̀ bá pé, tí o kò bá tú u, òun á tú ara rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kó dúró sójú kan pẹ̀lú iná, yóò hó. Bátìrì rẹ̀ sì ti ń kú lọ, o ó pààrọ̀ rẹ̀ bí o bá délé.”

Ó tẹ bọ́tìnì. Bátìrì náà kọ́kọ́ rojú kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Ariwo tó jáde kò jọ ti àcàbá. Ó ń gbó bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀, mo sì rí i tí obìnrin kan ní ilé kejì gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Inú mi dùn sí ohùn náà lọ́jọ́ yẹn. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo sanwó rẹ̀, a fi okùn dì í sẹ́yìn píkọ́ọ̀bù, a sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n lẹ́yìn ìrun àsárì. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi bá àwọn ọkọ̀ agbépo tó dábùú títì, ọ̀kan ti rì sínú kòtò, àwọn tó kù sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ti tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ wọn, èyí tó fi yé wa pé wọn ò retí àtilọ. Mallam ní òun mọ ọ̀nà eruku kan tó gba inú oko yí wọn po. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kí ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀ jù ú lọ.

Nínú ọ̀nà oko yẹn ni súpíríǹgì ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ṣẹ́. Ó dún kẹ̀ẹ́, ọkọ̀ sì gbé ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò sí ilé kankan nítòsí, fóònù àwa méjèèjì kò sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mallam wọ inú koríko láti wá òkúta tí yóò fi dá táyà dúró. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó, ó di kókósẹ̀ òsì rẹ̀ mú. Ejò náà ṣì wà níbẹ̀, kúkúrú, aláwọ̀ eruku, ó ká ara rẹ̀ mọ́ra ó ń fi ìpẹ́ ha ìpẹ́. Mallam sọ òkúta lù ú.

“Gobe da nisa,” ni ó wí.

Mo mọ orúkọ yẹn. Irú paramọ́lẹ̀ kan ni. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé ọ̀la jìnnà.

Ó fẹ́ kí n fi ọ̀bẹ sín ojú ibẹ̀. Mo kọ̀, torí a ti gbọ́ ọ léraléra lórí rédíò pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ejò yìí bù jẹ kì í dá bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀. Mo fi igi méjì há ẹsẹ̀ náà, mo di í kó má baà máa mì. Mo wo píkọ́ọ̀bù, mo wo òòrùn tó ti ń lọ sílẹ̀, mo wo alùpùpù náà.

“Bàbá, ẹ ó gun ẹ̀yìn mi.”

“’Yata, èyí kì í ṣe nǹkan ènìyàn méjì.”

“Mo mọ̀. Ẹ gùn ún.”

Mo fi pákó yí alùpùpù náà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Kò ní ibi tí ẹni ẹ̀yìn ń gbé ẹsẹ̀ lé. Mo fi okùn gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ̀, mo ní kó gbé ọ̀tún jìnnà sí sàlẹ́ńsà, mo ká híjáàbù mi sábẹ́ akoto tí Alhaji fi kún alùpùpù náà fún mi, mo wá so ó mọ́ ara mi ní ìbàdí. Mo tẹ bọ́tìnì. Bátìrì rojú, ó tún rojú, kí ó tó gbà. Mo mọ̀ nígbà náà pé bí mo bá tún pa á, ó lè má jí mọ́.

Mi ò lè rọra rìn nítorí rédíétọ̀. Mi ò sì lè sáré nítorí Mallam, tí orí rẹ̀ ń lù mí lẹ́yìn. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni mo ń wá kiri nínú eruku yẹn. Ó ń ka àdúrà sí mi létí, ohùn rẹ̀ ń dín kù. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀ mo rí òrùlé abúlé kan lókè, pẹ̀lú ilé kékeré tí wọ́n ya àgbélébùú pupa sí lára. Mo dúpẹ́. Mo fún un níná sí i.

Nígbà tí mo wọ abúlé náà, kò sí ẹnìkan.

Ìkòkò kan ń hó lórí iná. Ẹsẹ̀ sálúbàtà ọmọdé kan wà ní àárín ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ṣí sílẹ̀, àga ti dojú dé lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ló ń wò mí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ohùn alùpùpù mi ni wọ́n gbọ́, wọ́n ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ti sá wọ igbó. Èmi ni wọ́n sá fún.

Mo yípo lẹ́ẹ̀kan, mo ń pariwo ní Haúsá pé ènìyàn rere ni wá. Ẹ́ńjìnnì gbé ohùn mi mì. Omi ti ń hó nínú rédíétọ̀, ooru rẹ̀ ń rú sí mi lójú. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnu ìbọn ṣakabùlà kan láti ẹ̀yìn àká, ojú mi gan-an ló kọ sí. Bàbá arúgbó kan ló dì í mú.

“Kashe shi!” ni ó kígbe. “Kashe shi!”

Ní Haúsá, “kashe” dà bí “pa” tiwa. Pa iná, pa ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń sọ fún pé kí n pa ẹ́ńjìnnì, tàbí ẹlòmíràn kan tí mi ò rí ló ń sọ fún pé kó pa Mallam. Bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, a ò ní lè sá mọ́. Bí mi ò bá pa á, kò sí ẹni tí yóò jáde wá bá wa.

Mo pa á.

Kò sí ìdákẹ́jẹ́ tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo yọ akoto, híjáàbù mi sì hàn. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Ni mace ce!” ni mo wí. Obìnrin ni mí. “Maciji ya sare shi!” Ejò ló bù ú jẹ.

Bàbá náà kò gbé ìbọn sílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo okùn tó so Mallam mọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ tó ti wú bí iṣu. Ó wá súfèé. Ọ̀dọ́bìnrin kan yọ jáde láti inú oko bàbà, koríko kún orí rẹ̀, ó sì di báàgì kan mọ́ra. Àíṣà ni orúkọ rẹ̀, òun ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀ ti Mallam kí n tó tú okùn tán.

Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e kalẹ̀ lórí òkúta, ó ní ká dúró wò bóyá yóò dì. Àwọn ènìyàn ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú oko. Wọn ò kí mi. Obìnrin kan wá mú sálúbàtà tó wà ní àárín ọ̀nà, ó bojú wò mí, ó sì kọjá lọ. Mo bẹ̀bẹ̀ fún omi rédíétọ̀, bàbá oníbọn, Bàbá Ndagi, ló fúnra rẹ̀ bù ú wá.

“Láti ọjọ́ tí àwọn ajínigbé ti wá síbí,” ni ó sọ fún mi, “bí a bá gbọ́ alùpùpù tí a kò mọ ohùn rẹ̀, a kì í béèrè. Tìrẹ yìí, bí ogójì alùpùpù ni a gbọ́ ọ.”

Mo tọrọ àforíjì.

Àíṣà yí ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ṣàn bí omi, kò dì rárá. “Oògùn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi,” ni ó wí. “Ilé ìwòsàn ńlá ní Bídá ni. Ìsinsìnyí.” Nígbà yẹn ni mo rí ẹ̀jẹ̀ ní ìdí eyín Mallam.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àcàbá abúlé gbé e lọ. Wọ́n ní àwọn tó ní àcàbá ti gbé ìyàwó àti ọmọ wọn sá jìnnà, wọn kì í sì í tètè padà. Mo tẹ bọ́tìnì. Bátìrì dún tíkà, ó kú. Bí bátìrì bá ti kú, kí a ti í kó lè jí nìkan ló kù, èmi nìkan kò sì lè ti í.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Ndagi. Ojú tì mí bí mo ti ń sọ ọ́. Mo ń bẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú oko pé kí wọ́n bá mi jí ohun tó lé wọn wọ inú oko. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní Núpé. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń mi orí. Àíṣà di apá rẹ̀ mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin mẹ́ta bọ́ síwájú. Obìnrin tó ń sunkún náà sì tẹ̀lé wọn, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn alùpùpù.

“Má dé akoto yẹn mọ́,” ni Bàbá Ndagi wí. “Àwọn ẹ̀ṣọ́ tún wà níwájú. Jẹ́ kí wọ́n rí híjáàbù rẹ láti òkèèrè.”

A tún so Mallam mọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n sì tì wá sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo fi í sí jíà kejì, mo jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, táyà wọ́ eruku, kò gbà. Wọ́n tún tì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì ni ó bú. Mo rí i tí àwọn ọmọ dí etí wọn. Àwọn tó ń ti wá kò sì jọ̀wọ́ wa títí mo fi kúrò lọ́wọ́ wọn.

Bí mo ṣe dé Bídá, mi ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Híjáàbù mi ń fẹ́ lẹ́yìn, ẹnu mi kún fún eruku. Níbi afárá kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ dìde pẹ̀lú ìbọn, mo kígbe “Ni mace ce!” títí ohùn mi fi há, wọ́n sì yà fún wa. Mallam kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ìgbà tí wọ́n tú u kúrò lẹ́yìn mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni mo tó gbọ́ ọ tó ní, “’Yata, rọra.”

Wọ́n rí oògùn náà fún un, mo sì pe ìyá mi àti ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ti dì, dókítà sì ní yóò yè. Ìyàwó rẹ̀ ti Minna wá, ó dì mọ́ mi. Ní ọ̀sán, ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Minna gbé èmi àti alùpùpù náà. Kí a tó lọ, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n Mallam tó bá ìyàwó rẹ̀ wá ti lọ wo píkọ́ọ̀bù náà, òun sì dúró láti tún un ṣe. Mo ti ra iyọ̀ àti ọṣẹ lọ́jà Bídá, a yà ní abúlé náà, mo kó wọn fún Àíṣà. Mo kọ́kọ́ dúró sí ìta abúlé títí wọ́n fi mọ̀ pé èmi ni.

Mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ pé ohùn ẹ́ńjìnnì ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe dá tó. Lójú ọ̀nà yìí ni mo ti kọ́ pé ẹni tó ń gbọ́ ọ ni ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe, tí wọ́n gbẹ́ fúyẹ́, tí wọ́n yí orí rẹ̀ padà kó lè mí dáadáa, ó gba ẹ̀mí Mallam là. Ó sì lé àwọn ènìyàn kúrò nídìí iná oúnjẹ wọn. Alùpùpù kan náà ni.

Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ ní orígun àdúgbò wa ní ìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ náà fẹ́ràn ọkọ̀, ó ní kí a fi bátìrì tirẹ̀ jí alùpùpù náà, kí n gùn ún délé kí gbogbo Soje gbọ́. Mo ti fọwọ́ kan bọ́tìnì kí n tó rántí pé ilé kẹta sí tiwa ni ìdílé kan ń gbé, tí wọ́n sá fún àwọn ajínigbé wá láti abúlé wọn lápá Shiroro. Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti í.

Ìyá ilé náà wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń ro tuwo, ọkà ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ níbí, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

“Kí ló dé tí ò ń tì í?” ni ó bi mí ní Haúsá. “Ṣé ó bàjẹ́ ni?”

“Ó bàjẹ́ díẹ̀,” ni mo wí.

Ó bá mi kẹ́dùn, ó ní kí Ọlọ́run tún un ṣe. Kò dìde. Ó tún ọmorogùn mú, ó sì ń ro tuwo rẹ̀ lọ.